Dẹ́kìn Ló Máa Sọ: Wáyà àti Wi-Fi Nínú Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà ló yẹ kóun fà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àbí kóun fi Wi-Fi nìkan ṣe é, kó má tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè rúta. Kó kọ́kọ́ wo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lókè. Tó bá jẹ́ pákó, ọ̀rọ̀ rọrùn. Tó bá jẹ́ dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n dà lé irin, ilé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tó kún orí YouTube, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà ló ti wá. Igi ni egungun ilé tiwọn, ògiri tó pín yàrá kò ju bọ́ọ̀dù bíi ti POP lọ, pákó sì ni wọ́n tẹ́ sókè. Àwọn ará wa tó ń gbé àwọn ilé àtijọ́ ní London náà mọ̀ pé bíríkì ni ara ìta, àmọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lókè, torí pé pákó ló ń tẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, èèyàn lè ra mesh alápótí mẹ́ta, ìyẹn àwọn àpótí Wi-Fi tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, kó gbé ọ̀kan sí àjà kọ̀ọ̀kan, kó sì sùn fọnfọn. Ilé Bódìjà tàbí Mágódò kò rí bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 ni ògiri, dẹ́kìn nípọn tó ínṣì 6, irin sì kún inú rẹ̀. Àní sẹ́, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá ńlá wa tó ṣì wà ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn tí wọ́n fi pákó ṣe àjà wọn, máa ń gba Wi-Fi ju ilé olówó gọbọi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú dẹ́kìn náà. dB ni wọ́n fi ń wọn bí agbára Wi-Fi ṣe ń dín kù. Tó bá fi dB 3 wálẹ̀, ìdajì ti lọ nìyẹn. Tó bá fi 10 wálẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Ògiri búlọ́ọ̀kù kan lè jẹ dB 5 sí 10. Orí ìgbì méjì ni Wi-Fi sábà máa ń gbà, 2.4 GHz àti 5 GHz. Dẹ́kìn onírin lè jẹ 15 tàbí 20 lórí 5 GHz. Tó bá jẹ 20, nínú gbogbo agbára tó kan dẹ́kìn láti ìsàlẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló yọ sókè. Tó bá tún ní dẹ́kìn kejì láti là kọjá, ẹ má wulẹ̀ retí nǹkan kan. 2.4 GHz máa ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìgbì rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, ti 5 GHz kò sì ju nǹkan bíi 6 lọ. Ṣùgbọ́n 2.4 yìí kan náà ni gbogbo àdúgbò ń lò, channel (ọ̀nà tí rúta ń gbà lórí ìgbì náà) mẹ́ta péré ni kò sì gun ara wọn lórí níbẹ̀: 1, 6 àti 11.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà nínú ilé wa tí fídíò òyìnbó kì í sọ. Ilẹ̀kùn irin tí wọ́n fi ń dènà olè kò jẹ́ kí Wi-Fi kọjá. Dígí gbàràmù ara wọ́dúróòbù ń dá a padà. Tánkì omi orí dẹ́kìn ń mu ún. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, tí omi kò tíì gbẹ lára rẹ̀, ń jẹ ẹ́ ju ògiri gbígbẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ilé tuntun fi lè ṣòro lóṣù àkọ́kọ́, kó wá sàn díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tí àwọn tó ń ta rúta kì í sì í sọ fúnni ni pé ọ̀rọ̀ Wi-Fi, lọ bọ̀ ni. Ẹ lè ra rúta tó ní ẹ̀ríàlì mẹ́jọ, fóònù tó wà ní yàrá òkè ṣì ní láti fèsì, agbára tirẹ̀ kò sì pọ̀, torí bátìrì ló ń jẹ. Ó dà bí ẹni tó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu tó ń bá ẹni tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sọ̀rọ̀: ẹni òkè ń gbọ́ ketekete, ẹni ìsàlẹ̀ kò gbọ́ èsì. Ìdí nìyẹn tí àmì Wi-Fi á fi kún lójú fóònù, tí ìpè WhatsApp á sì máa já.

Nítorí náà, wáyà ni kó gun òkè. Kó gba inú dẹ́kìn kọjá lẹ́ẹ̀kan, kó bọ́ sínú àpótí Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń pè ní access point, kí ìyẹn sì pín in fún àjà yẹn nìkan. Ilé alájà mẹ́ta, ó kéré tán wáyà kan sí àjà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn láti ibì kan náà. Ohun tí kì í kúrò lójú kan, bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá, kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà, ẹ fún wọn ní wáyà tiwọn. Gbogbo èyí tí ẹ bá yọ kúrò lórí afẹ́fẹ́, àyè ló ṣí sílẹ̀ fún fóònù.

Ilé kan lè bọ́ nínú òfin yìí: èyí tó jẹ́ àjà méjì péré, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ wà láàárín, tó ṣí sílẹ̀ gbayawu láti pálọ̀ dókè. Ihò ńlá ni àtẹ̀gùn jẹ́ nínú dẹ́kìn. Ẹ gbé rúta sí ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, kó ga tó mítà méjì, kó má sí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi áàpù tó ń ka dBm, ìyẹn agbára Wi-Fi tó dé ọwọ́ fóònù (bó bá ṣe sún mọ́ òdo ló ṣe lágbára tó), lórí fóònù Android rìn yí ilé ká, kí ilẹ̀kùn wà ní títì bó ṣe máa ń wà lóru. Tí yàrá tó jìnnà jù bá ṣì ń ka -67 tàbí tó sàn jù bẹ́ẹ̀, bíi -60, ẹ fi owó yín sápò. Láti -75 lọ sí -80, ìpè fídíò kò ní dúró, kò sí rúta olówó iyebíye tó máa tún un ṣe.

Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wáyà ló máa ń sáré lọ ra extender, àpótí tó ń gba Wi-Fi rúta tó sì ń tún un pín. Rédíò kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́ tí wọ́n sì fi ń tún un sọ, nítorí náà ìdajì ìyára ti lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n á sì tún gbé e sínú yàrá tí Wi-Fi kò dé, kó lọ máa pín ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rí gbà. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Mesh sàn jù ú lọ, pàápàá èyí tó ní rédíò kẹta tí àwọn àpótí náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ tí ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè bá ń gbọ́ ara wọn ní -78, orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ mesh ló ní ihò wáyà lẹ́yìn. Ẹ fi wáyà so wọ́n pọ̀, ẹ ó sì rí i pé ohun tí ẹ rà dára.

Ẹni tí ilé rẹ̀ kò tíì dé orí dẹ́kìn ló rí já jù. Kí wọ́n tó da kọnkéré, kí réwáyà tẹ́ páìpù 25 mm láti ibi tí ẹ fẹ́ fi ṣe ojúkò, bí abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí sítọ́ọ̀, dé àjà kọ̀ọ̀kan. Páìpù 20 mm tí wọ́n ń lò fún iná náà lè gba wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n tí méjì bá ti wọ inú rẹ̀, tí igun sì wà, fífà rẹ̀ di ìjà. Kí wọ́n dè é mọ́ irin dáadáa, kí igun rẹ̀ fẹ̀, kó má jẹ́ ẹ́líbò (elbow) àwọn púlọ́mbà tó ṣẹ́ lójijì. Páìpù kan kò gbọdọ̀ ní ju igun méjì lọ kó tó kan àpótí tí ọwọ́ lè wọ̀. Kí wọ́n fi nylon di ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí okùn ọ̀rá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ojú rẹ̀ má kúrò lára páìpù. Ọjọ́ yẹn ni kẹ̀kẹ́ bárò ń gorí rẹ̀, tí ṣọ́bìrì ń gé e, tí sìmẹ́ńtì ń kún un, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fa wáyà, tí okùn á kọ̀ tí kò ní lọ síwájú sẹ́yìn mọ́.

Páìpù iná àti páìpù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn réwáyà kan á ní kò séwu, á sì dà bíi pé kò séwu lóòótọ́ títí di ọjọ́ tí ara wáyà iná bá bó nínú páìpù, tí fóltì 230 á gba wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ọwọ́ ọmọ tó ń ki RJ45, ìyẹn orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bọ kọ̀ǹpútà. Tí méjèèjì bá ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín. Tí wọ́n bá máa pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má jọ rìn. Síbi tí ẹ bá rò pé wáyà kan máa tó, ẹ fa méjì. Owó iṣẹ́ kan náà ni, wáyà kejì ló sì máa gba yín lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá já nínú ògiri.

Ilé tí wọ́n ti kọ́ tán ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣísẹ́lì la bíìmù tàbí òpó, ohun yòówù kó sọ. Ẹ kọ́kọ́ wá páìpù tó ti wà tẹ́lẹ̀. Wáyà àwo sátẹ́láìtì sábà máa ń ní ọ̀nà tirẹ̀ láti òrùlé dé pálọ̀. Tí ẹ kò bá lò ó mọ́, ẹ so wáyà tuntun mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹnì kan máa fà lókè, kí èkejì máa tì í nísàlẹ̀, kí wọ́n fi páúdà pa á lára kó lè yọ̀. Tí kò bá sí èyí, ẹ gba igun ògiri àtẹ̀gùn lọ, ẹ fi tọ́ráńkìn funfun bò ó. Kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ojú yín ò ní rí i mọ́. Ọ̀nà kẹta ni ara ògiri ìta. Wáyà dúdú tí wọ́n ṣe fún ìta ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀, torí òòrùn máa ń la ara wáyà inú ilé. Kó tó wọ inú ògiri, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀ kálẹ̀ díẹ̀ kó tó padà gòkè wọ ihò, kí òjò lè kán sílẹ̀ níta dípò kó máa bá a wọ pálọ̀. Nínú síìlì, ẹ fi páìpù bò ó. Eku fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ní ti wáyà fúnra rẹ̀, Cat ni wọ́n fi ń pe ìpele rẹ̀. Cat6 tó nínú ilé, Cat5e náà sì ń gbé gigabit, ìyẹn ìyára 1,000 Mbps, dé mítà 100. Cat7 tí wọ́n ń kígbe lé lórí lọ́jà, owó lẹ fi ṣòfò níbi tí gígùn kò ju 30 lọ. Ìṣòro tòótọ́ ni ayédèrú. Púpọ̀ nínú wáyà tó wà lọ́jà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà kùn lára, wọ́n sì máa ń kọ CCA sí ara páálí rẹ̀ ní kékeré, tàbí kí wọ́n má kọ ọ́ rárá. Ẹ fi bíléèdì họ ara okùn kan nínú rẹ̀. Bàbà gidi pupa dé inú. CCA á yọ funfun. Ẹ gbé páálí mítà 305 náà wò pẹ̀lú, ti bàbà máa ń wúwo gan-an. CCA máa ń ṣẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ó sì máa ń gbóná tí iná access point bá gba inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a máa dé níwájú. Àmì rẹ̀ ni pé access point òkè á dára lọ́sàn-án; tó bá di alẹ́ tí gbogbo ilé bá gùn ún, á máa kú, á máa tàn fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á ra òmíràn, ìyẹn náà á tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti ń so ẹnu wáyà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, méjì méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra, lílọ́ yẹn ló sì ń lé ariwo jáde. Ẹ má tú u ju mílímítà 13 lọ níbi tí ó ti fẹ́ wọ ẹnu rẹ̀. Ìlànà B lẹ máa rí jù: funfun onílà ọsàn, ọsàn, funfun onílà ewé, búlúù, funfun onílà búlúù, ewé, funfun onílà búráùn, búráùn. Ìpẹ̀kun méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra. Ara ògiri ló yẹ kí wáyà inú páìpù parí sí, lójú ihò tí wọ́n kàn mọ́ àpótí, kí wáyà kúkúrú tó rọ̀ wá gbà á níbẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ. Tí ẹ bá fi RJ45 sí ìdí wáyà inú ògiri, tí ẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, kò ní pẹ́ ṣẹ́.

Tẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú tó ń tan iná mẹ́jọ máa sọ bóyá okùn kan já tàbí wọ́n gbé e sódì. Kò lè sọ bóyá wáyà náà máa gbé gigabit. Èyí tó máa sọ ni kọ̀ǹpútà: ẹ fi wáyà so ó, ẹ wọn ìyára láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn nínú ilé, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń dúró sórí 94 Mbps gbọnin, tí kò kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ọ̀daràn náà. Okùn 1, 2, 3 àti 6, bí a ṣe tò wọ́n lókè, nìkan ni 100 Mbps nílò. Gigabit nílò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tí búlúù tàbí búráùn bá já, kò sẹ́ni tó máa rí àṣìṣe kan lójú ẹ̀rọ, àwọn ẹ̀rọ náà sábà máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 100. Ó sì lè jẹ́ pé switch, àpótí oníhò púpọ̀ tí gbogbo wáyà ti ń pàdé, tí wọ́n tà fún yín kì í ṣe ti gigabit rárá. Ẹ ka ara rẹ̀: 10/100 yàtọ̀ sí 10/100/1000.

Ọ̀rọ̀ iná ló jẹ́ kí wáyà tún borí nílùú wa. Ọ̀pọ̀ ìnfátà, yàrá díẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọn. Tí wọ́n bá mú iná lọ, rúta ìsàlẹ̀ á wà láàyè, àpótí mesh tó wà ní sókẹ́ẹ̀tì òkè á kú, ilé á sì pín sí méjì. PoE ló yanjú èyí: wáyà kan náà ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì àti iná. Switch PoE kan nísàlẹ̀, lórí ìnfátà, á máa bọ́ gbogbo access point òkè. Ìlànà 802.3af ń fi wáàtì 15.4 sílẹ̀ láti ojú switch, nǹkan bíi 13 ló sì ń dé òkè, èyí sì tó fún ọ̀pọ̀ access point ilé. 802.3at ń gbé 30. Ẹ ka iye wáàtì tí switch náà lè fi sílẹ̀ lápapọ̀, torí pé ihò mẹ́jọ kò sọ pé gbogbo wọn lè gba iná lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀yà kan tó ń rán fóltì 24 láì béèrè ohun tó wà lápá kejì. Ìyẹn lè jó ihò kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣèèṣì ki wáyà náà bọ̀ ọ́.

Rúta àtijọ́ tó ń sùn nínú dúrọ́ọ̀ náà lè di access point. Ẹ yí àdírẹ́sì rẹ̀ sí 192.168.1.2 tí ti rúta àgbà bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ pa DHCP rẹ̀ (ohun tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù), ẹ sì ki wáyà bọ ihò LAN (ti inú ilé), kì í ṣe WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì ìta). Ẹni tó bá gbàgbé DHCP máa rí i pé fóònù kan ń lọ, òmíràn á ní òun ti wọlé ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, torí rúta méjì ló ń pín àdírẹ́sì. Ẹ fún gbogbo àjà ní orúkọ Wi-Fi kan náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, channel ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí 2.4, kí ẹ sì dín agbára wọn kù sí ìwọ̀n àárín. Ó lè dà bí ẹni pé kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n fóònù ló ń yan ìgbà tó máa kúrò lórí ti ìsàlẹ̀ bọ́ sí ti òkè. Tí ti ìsàlẹ̀ bá ń pariwo jù, kò ní fi í sílẹ̀. Tí gbogbo iná ojú switch bá sì ń ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí nǹkan kan ò lọ mọ́, ẹ wá wáyà tí ẹnì kan ki orí àti ìdí rẹ̀ bọ inú switch kan náà.

Àwọn kan á dárúkọ ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú wáyà iná ilé. Nínú ilé tó ń lo féèsì mẹ́ta, tí pálọ̀ wà lórí féèsì kan, tí yàrá òkè wà lórí òmíràn, àwọn méjèèjì lè má gbọ́ ara wọn rárá. Ẹ fi ìnfátà àti chángióvà kún un, ó di gbẹ̀gẹ́dẹ̀.

Tí bọ́ìsì kọ́tà bá wà lẹ́yìn ilé, ẹ má fa wáyà bàbà dé ibẹ̀. Ẹ́ẹ̀tì ilé méjèèjì, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi so iná ilé mọ́ ilẹ̀, kì í dọ́gba; tí àrá bá sán nítòsí, iná máa gba inú wáyà yẹn kọjá, á sì pa switch ilé ńlá pẹ̀lú ohun gbogbo tó so mọ́ ọn. Fáíbà ni kó lọ síbẹ̀, torí gíláàsì kì í gbé iná: okùn fáíbà tí wọ́n ti so ẹnu rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń yí i padà sí RJ45, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, àti páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Fáíbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fà kọjá lórí òpó ní irin tín-ín-rín kan tó bá a rìn. Ẹ gé irin yẹn síta kó tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ tún ti pe àrá wọlé padà. Kámẹ́rà orí géètì tó ń gba PoE wà nínú ewu kan náà. Ẹ fi adènà àrá sí wáyà rẹ̀ níbi tó ti wọ ilé, kí ẹ sì so ìdí adènà náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì, torí èyí tí wọn kò so mọ́ ẹ́ẹ̀tì kò dènà nǹkan kan.